Àwòrán Kejìlá

Òjò Ajégúnlẹ̀ kì í dé ní jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń bọ̀, orí páànù àwọn ilé tó wà lápá Àpápá ni a ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á máa ró gìrìgìrì bọ̀ láti òrùlé dé òrùlé, Màámi á sì ké láti ilé ìdáná pé, “Aṣọ o! Ẹ kó aṣọ o!” Gbogbo ayálégbé á tú jáde. Ẹni tó ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń gbé e, ẹni tó ń lé adìyẹ wọlé ń lé e. Tó bá wá dé tán, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́. Kódà fèrè ọkọ̀ ojú omi tó máa ń dún láti wọ́ọ̀fù tọ̀sán tòru kì í lè borí rẹ̀. A ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa mu gààrí, a ó máa wo omi bó ṣe ń kún àgbàlá. Àwọn ọmọ ilé yòókù ń gbàdúrà kí òjò dá kí wọ́n lè jáde lọ tẹ omi. Èmi ń gbàdúrà kó dá nítorí kòkòrò.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ-ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó sún un mọ́ labalábá kan lára òdòdó, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún, ó pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ rẹ́, ó wá ní, “Grandma, ṣé èyí náà lẹ ń sọ?” Mo ní òun kọ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó ti ń wo nǹkan mìíràn. Mi ò bá a jà. Ohun tí ọwọ́ bá tètè tẹ̀, ojú kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Bọ̀dá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pe Bàámi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn: àga igi kan, bẹ́ǹṣì kan, aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ta mọ́ ara ògiri, àti fèrèsé ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn, torí ọdún tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú omi Àpápá débi pé wọ́n ń tò dúró de ara wọn, iṣẹ́ ẹrù pọ̀ bí nǹkan míì, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ọgbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fọ́tò kékeré lára káàdì. Ọkùnrin gìrìwò á wọlé tòun ti eruku sìmẹ́ńtì lórí, Bàámi á bu omi fún un kó fi bọ́jú, wọ́n á yá a ní kóòtù dúdú kan ṣoṣo tó wà lára ìṣó. Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé kóòtù yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, pé ojú ló kàn ń yí padà lórí ẹ̀.

Kámẹ́rà Bàámi ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú òkè ni wọ́n fi ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á máa wò ó nínú jígí tó wà lórí rẹ̀. Ojú ìsàlẹ̀ ló ń yà á. Fèrèsé pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí nọ́ńbà ti máa ń hàn, láti orí ení títí dé méjìlá, torí fíìmù kan kò ju àwòrán méjìlá lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tán tí o kò yí i, tí o tún tẹ̀ ẹ́, àwòrán tuntun á gun orí ti tẹ́lẹ̀, méjèèjì á di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni èyí ti kó ìtìjú bá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí Bàámi mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń fi èyí ṣe, màá sọ ọ́ láìpẹ́.

Bàámi kì í fi ojú oníbàárà sórí àwòrán tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ìdí fíìmù kò ṣeé gbára lé, pé ìmọ́lẹ̀ lè ti wọ̀ ọ́, kò sì dáa kéèyàn wọ kóòtù tán kí wọ́n ní ojú ẹ̀ ti bàjẹ́. Bí àdéhùn ṣe dé àárín èmi àtàwọn nìyẹn. Oníbàárà ló ni mọ́kànlá. “Ìkejìlá,” Bàámi á ní, “tiwa ni.” Ohun tí a sì ń fi ìkejìlá ṣe ni kòkòrò inú ọgbà Ìyá Àgbà, lẹ́yìn òjò.

Ìyá Àgbà ni ìyá Bàámi. Wọ́n ti sọ ilẹ̀ tóóró tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ di oko: ewúro, ilá, tẹ̀tẹ̀, kókò tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ju orí mi lọ. Bí wọ́n bá ń wá ẹ̀fọ́, wọ́n á máa pa kòkòrò lọ ràì, wọ́n á máa sọ pé, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.” Lójú tiwọn, ọ̀tá ni gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Bàámi ló kọ́ mi pé ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni èèyàn lè bá wọn pàdé dáadáa, torí ìyẹ́ wọn á ti wúwo, òtútù á ti mú wọn, wọn kì í lè tètè fò.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Bàámi ní awò kékeré kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní ọjà Bòúndárì, èyí tí wọ́n máa ń há sójú kí wọ́n lè rí inú aago. Wọ́n á fi rọ́bà so ó mọ́ ojú òkè kámẹ́rà, wọ́n á gbé kámẹ́rà ka orí àpótí, wọ́n á máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí kòkòrò náà á fi hàn kedere nínú jígí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú awò yẹn, wọ́n á so ó mọ́ ojú ìsàlẹ̀. Èmi á wá ti pákó pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ kámẹ́rà, pákó tí káfíńtà gé ní ìwọ̀n àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì, kí ojú ìsàlẹ̀ lè gòkè dé ibi tí ojú òkè wà tẹ́lẹ̀. Èmi kan náà ni mo máa ń na aṣọ dúdú kan sẹ́yìn ewé kí kòkòrò náà lè yọ. Gbogbo èyí, kí èèrà tó mira. Bọ̀dá Sunday, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, dúró tì wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ní, “Ọ̀gá Fọ́tò, na ant you dey snap? Human being don finish for Ajegunle?” Bàámi kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀.”

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n fọ àwòrán èèrà yẹn. Èèrà kan ṣoṣo ni, ó ń mu omi lára ẹ̀kán òjò tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Mo rí ẹnu rẹ̀. Mo rí ìwo rẹ̀ méjèèjì tó tẹ̀ síwájú, mo rí irun lára ẹsẹ̀ rẹ̀, àti nínú ẹ̀kán omi náà, mo rí ọgbà wa lódindi tó dorí kodò, òrùlé ilé ìwẹ̀ nísàlẹ̀, ojú ọ̀run lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń tẹ irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń rìn. Ìyá Àgbà gba fọ́tò náà, wọ́n gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. “Èèrà nìyí? Èyí tí mo gbá dànù láàárọ̀?” Fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ebi ẹ̀fọ́ pa wọ́n, wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lọ.

Ilé kejì sí wa ni Ìyá Ìbejì ń gbé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń rán aṣọ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, ibà kan dé, ó gbé Táyé lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ ṣẹ́gi. Láyé àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ère fún un, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa bọ́ ọ, torí ìbejì tí kò bá rí ààyè rẹ̀ nínú ilé lè wá pe èkejì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò sì fẹ́ rí ère. Iṣẹ́ tí mo ní Bàámi mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á gbé ọmọ tó kù jókòó sápá òsì níwájú aṣọ dúdú tí kì í hàn lórí fíìmù, wọ́n á yà á. Wọn kò ní yí fíìmù. Wọ́n á wá gbé ọmọ kan náà lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ìbejì méjì ló máa jókòó síbẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ sára ògiri, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn ìyá ń fi ẹnu ko irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ìyá ọkọ Ìyá Ìbejì ti ti ìlú dé, fọ́tò yẹn ni wọ́n sì ń dúró dè, kí wọ́n gbé e relé. Ara Kẹ́hìndé ti ń gbóná láti ọjọ́ mélòó kan, kò jẹun dáadáa, gbogbo àdúgbò sì ń wojú ara wọn. Èmi náà gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nígbà tí mo wà nílé ìwé, Ìyá Ìbejì gbé ọmọ náà wá láìrò tẹ́lẹ̀. Àwòrán kan péré ló kù nínú kámẹ́rà. Bàámi kò fẹ́ dá a padà, wọ́n bá fi ìkejìlá yà á. Wọ́n ya apá òsì tán báyìí ni ojú ọ̀run ṣú dùdù, ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé, kó padà wá bí òjò bá dá. Wọ́n gbé kámẹ́rà sórí pẹpẹ, wọ́n sáré jáde lọ ra pépà fọ́tò, òjò sì ká wọn mọ́nà.

Mo ti ilé ìwé dé, aṣọ mi tutù rinrin. Màámi ń yan ẹja nílé ìdáná, wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ. Òjò ti ń dá. Oòrùn yọ fìrí, gbogbo ewé ń dán. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo wo fèrèsé pupa lẹ́yìn kámẹ́rà: méjìlá. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú kan méjì. Ìkejìlá, tiwa ni. Mo kó kámẹ́rà, awò, pákó, àpótí, aṣọ dúdú, mo gba ẹ̀yìn jáde.

Tata kan wà lórí igi ewé kókò. Kò sí ẹni tó máa bá mi na aṣọ, mo bá fi igi méjì gbé e ró, àyè wá há fún àpótí, n kò rí kámẹ́rà gbé síbi tó yẹ. Ibi ọwọ́ ọ̀tún pátápátá ni tata yẹn bọ́ sí níwájú kámẹ́rà. Mi ò bìkítà. Ó gbé orí sókè, ó fi ẹsẹ̀ iwájú di igi ewé náà mú, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró dáadáa fún fọ́tò. Omi wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yinjú rẹ̀ ní ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò bí eyín ayùn, ikùn rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀, ó ń mí. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé tata ń mí. Mo dá ẹ̀mí tèmi dúró, mo so awò mọ́ ojú ìsàlẹ̀, mo ti pákó bọ abẹ́ kámẹ́rà, mo yà á. Lẹ́yìn náà mo yí fíìmù dé ìparí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo gbé kámẹ́rà padà sórí pẹpẹ, mo ń fò sókè.

Bàámi àti Ìyá Ìbejì jọ wọlé ni. Bàámi gbé àga sápá ọ̀tún, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì gbé Kẹ́hìndé kà á. Wọ́n mú kámẹ́rà, wọ́n yí i padà, wọ́n wo fèrèsé pupa. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì: kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ mọ́.

“Àṣàkẹ́, ta ló fọwọ́ kan kámẹ́rà yìí?”

“Èmi ni, Bàámi. Mo rí i pé ó ti di méjìlá. Mo ya tata.”

Wọn kò nà mí. Ó sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n rọra gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì, wọ́n ní, “Àṣìṣe tèmi ni, mi ò sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ó ní, “Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ ò mọ bí mo ṣe dé ibí lónìí. Nígbà tí ẹ ní kí n fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún Táyé láàárọ̀, Kẹ́hìndé bi mí pé ṣé Táyé ń bọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ̀. Ó wá ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń sunkún sí nìyẹn, kì í ṣe òjò. Mi ò lè tún sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì.” Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò gbádùn oúnjẹ. Mo gbà pátápátá pé bí Kẹ́hìndé bá kú, èmi ni mo pa á, torí èmi ni mo gba ìjókòó Táyé fún tata. Ní àràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, màá dúró lábẹ́ fèrèsé títí màá fi gbọ́ tí ó húkọ́ tàbí tí ó sunkún. Lọ́jọ́ kan mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, títí tí mo fi gbọ́ tó ń bèèrè omi. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò dé inú ọgbà. Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo ti sin àwọn tí mo sin, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹ̀rù tó tó ti ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Bàámi pè mí wọ yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Wọ́n ti fi aṣọ di gbogbo ojú ihò, iná pupa kékeré nìkan ló wà níbẹ̀, òórùn oògùn fọ́tò ń ta mí nímú. Wọ́n ti pépà funfun kan bọ inú abọ́, wọ́n ń mì ín. Apá òsì ló kọ́kọ́ jáde: Kẹ́hìndé, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń retí èèyàn. Apá ọ̀tún dúdú. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀. Orí. Ojú. Ẹsẹ̀. Tata náà ga tó Kẹ́hìndé gẹ́lẹ́, ó jókòó tì í, ẹ̀kán omi kan ń dán ní iwájú orí rẹ̀, ojú ńlá rẹ̀ kọjú sí ọmọ náà. Kò gun orí Kẹ́hìndé rárá, kò fi ibì kankan kàn án. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.

“Subuhánállàhì,” Bàámi wí. Ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gbójú kúrò. Mi ò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí pé ó dára.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dáná sun ún. “Wọn á ní a fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu ayé!” Bàámi dá ìyá wọn lóhùn, wọ́n ní, “Màámi, fíìmù obìnrin náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó yẹ kó rí i.” Wọ́n ti fọ́tò náà sínú àpò ìwé, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, a jọ lọ sílé Ìyá Ìbejì.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ sí àdúrà. Kẹ́hìndé jókòó lórí ẹní, ó ń mu ẹ̀kọ, èyí tó dà sílẹ̀ wà ní gbogbo àyà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún un ní ọsibítù ló lé ibà yẹn lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan mìíràn fún yín. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na àpò ìwé náà sí Ìyá Ìbejì. Ó fà á yọ. Ó wò ó pẹ́ títí, a ń gbọ́ tí Kẹ́hìndé ń ha ìdí ife. Ó gbé ìka sókè lórí tata náà, kò jẹ́ kó kàn án.

“Kí lèyí?”

“Tata ni, mà.”

“Ibo ló wà?”

“Inú ọgbà wa, mà. Lẹ́yìn òjò.”

“Ààyè ni?”

“Ààyè ni, mà. Nígbà tí mo yà á tán, ó fò lọ.”

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bọ̀dá Fọ́tò, mi ò bínú. Màá gbé Kẹ́hìndé wá lọ́la, mi ò ní sọ fún un mọ́ pé Táyé ń bọ̀. Ẹ ya ìbejì bí ẹ ṣe máa ń yà á, kí ìyá ọkọ mi rí i gbé relé, kí ọkàn wọn balẹ̀. Èyí, tèmi ni.” Ó tẹ fọ́tò náà mọ́ àyà. “Èmi mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá di ojú, apá ọ̀tún yẹn ni mò ń rí.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà mí dìde lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “O ṣé, ọmọ mi,” ó ní, “tí o ò jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo.”